Ẹ má fi Unreal pa ọmọ tó ní laptop 4 GB

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ mọ kóòdù kọ, kí ni ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe yín? Ó ní Ìkòròdú lòun wà, laptop tòkunbọ̀ lòun ń lò, RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 4 GB, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù, ẹ́ńjìnì (ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù) wo ni kóun fi bẹ̀rẹ̀ géèmù? Ẹ dá a lóhùn pé Unreal làwọn gidi ń lò. Èyí ló sì gba láìkì jù lọ.

Epic tó ni Unreal ló fúnra rẹ̀ sọ pé 32 GB RAM ló yẹ, pẹ̀lú káàdì àwòrán tó ní 8 GB tirẹ̀. Ìlọ́po mẹ́jọ RAM ọmọ náà nìyẹn, ká tó sọ ti dátà tó lé ní 10 GB.

Unity, ẹ́ńjìnì mìíràn, ńkọ́? Ó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, mi ò bá a jà. Àmọ́ bó bá fẹ́ gbé géèmù sórí Android, àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SDK, NDK àti OpenJDK á tún wọlé tẹ̀lé e. Ẹ sì rántí owó tí ilé iṣẹ́ Unity láwọn máa gbà lórí fífi géèmù sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n kéde ní 2023, tó di 2024 kí wọ́n tó fagi lé e.

Godot, ẹ́ńjìnì ọ̀fẹ́, ni kó gbà. Zip kan tí kò tó 200 MB ni. Á tú u, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí nìyẹn. Kò sí àkáǹtì, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba kọ́bọ̀ nínú èrè géèmù rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀yin olùkọ́ kì í dé nìyí o. Bó bá ń ṣí project tuntun, kó má fi sílẹ̀ sórí Forward+, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Godot fi ń ya àwòrán. Vulkan tàbí Direct3D 12 (ọ̀nà tuntun tí ètò ń gbà bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀) nìyẹn máa ń lò, káàdì Intel àtijọ́ mìíràn ò sì mọ̀ wọ́n rárá. Compatibility ni kó yàn, OpenGL, ọ̀nà tó ti pẹ́, ló ń bá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó wo ọjọ́ orí fídíò tó fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Godot 4.0 jáde ní oṣù kẹta 2023. Èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò tó ṣáájú rẹ̀, Godot 3 ni. Níbẹ̀, KinematicBody2D ni wọ́n ń pe ohun tó ń gbé ènìyàn inú géèmù rìn. Ó ti di CharacterBody2D. Wọ́n ń kọ `move_and_slide(velocity)`. Báyìí, òfìfo làárín àkámọ́ náà, `velocity` (ìyára) ti wà lára CharacterBody2D tẹ́lẹ̀. `yield`, àṣẹ tó ń mú kóòdù dúró de nǹkan, ti di `await`. Ọmọ á da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe rí i, àṣìṣe pupa á kún ìsàlẹ̀, á wá rò pé òun ò lọ́pọlọ.

Bí ènìyàn inú géèmù bá ń já gba inú ilẹ̀ kọjá, kó wò ó bóyá CollisionShape2D, tó ń sọ ibi tí ara nǹkan mọ, ò ní shape (ìrísí) kankan. Àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ń kọ `position.x += 5`, eré náà á yá lórí ẹ̀rọ tó lágbára, á fà lórí tirẹ̀. Kó fi iye tó fẹ́ kó rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan rọ́pò 5, kó sì sọ ọ́ di ìlọ́po `delta`, ìyẹn àkókò tó wà láàárín àwòrán kan sí ìkejì. Àmọ́ `move_and_slide()` ti ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, kó má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ayò ni kó ṣe: ilé 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Array (àkójọ nọ́ńbà) kan ti tó, `% 12`, tó ń mú ohun tó ṣẹ́kù bí a bá fi 12 pín nọ́ńbà, á dá a padà sí 0 bó bá kọjá 11. Bó bá ka èyí tó wà lọ́pọ́n mọ́ èyí tí wọ́n ti jẹ, tí kò pé 48, kóòdù rẹ̀ ti jí ọmọ ayò kó.

Ibi tí ẹ ti lè mú mi ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń béèrè Unity àti C# (èdè kóòdù Unity) lọmọ náà ń fojú sùn, ṣé kó lo ọdún kan lórí GDScript (èdè kóòdù Godot) kó tó tún yà síbẹ̀? Loop (àṣetúnṣe) ò yàtọ̀, array ò yàtọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lè rí RAM 8 GB rà láàárín oṣù díẹ̀ sí i, mi ò lè búra pé kò sàn kó dúró dè é.