Owó tó pẹ́ kọ́ ni owó tó wọ́n

Ẹ sọ fún èèyàn pé ẹ ní owó fàdákà tí wọ́n rọ nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ ti là nìyẹn!" Owó tó ti lé ní irinwó ọdún, ṣé eré ni? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí owó bá ṣe pẹ́ tó ni iye rẹ̀ ṣe ń ga tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Sísì ayé Elizabeth, ìyẹn owó fàdákà kọ́bọ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ti gbó, ẹ lè rí i rà ní Ìlú Ọba láìná tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Owó bàbà kékeré ti àwọn ará Róòmù, tó fi ẹgbẹ̀rún ọdún ju sísì yẹn lọ, pọ́n-ùn mélòó kan ti tó o. Àmọ́ kọ́bọ̀ (pẹ́nì) Ọba George Karùn-ún ti ọdún 1933, tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, olówó ńlá ló lè dá a lé, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rọ, wọ́n sì ri àwọn kan mọ́ abẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ ilé. (Ní 1970, àwọn olè lọ hú ọ̀kan lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Leeds. Olè náà mọ ọjà.)

Ẹ jẹ́ ká wo sísì Elizabeth náà dáadáa. Ó fẹ́lẹ́, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta lọ. Ojú ọbabìnrin kọ sí òsì, òdòdó róòsì kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ọdún tí wọ́n rọ ọ́ lókè asà. Róòsì yẹn kì í ṣe fún ẹwà lásán: sísì àti tọ́rọ́ (owó kọ́bọ̀ mẹ́ta) ní in, ṣílè àti owó kọ́bọ̀ mẹ́rin kò ní in, kí ẹni tí kò mọ̀wé má baà ṣi ọ̀kan gbà fún èkejì lọ́jà.

Ìdí tí sísì yìí fi pọ̀ nílẹ̀ kò ṣẹ̀yìn bàbá Elizabeth. Láti 1544, nígbà tí ogun ti tán owó lápò Henry Kẹjọ, ó ní kí wọ́n máa po bàbà mọ́ fàdákà owó. Fàdákà tó yẹ kó jẹ́ 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di 1551, lábẹ́ Edward Kẹfà ọmọ rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Imú Henry ló yọ síta jù lára owó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń bó; bí fàdákà ojú rẹ̀ bá ti bó tán, bàbà á yọjú. Ni wọ́n bá ń pe Henry ní Onímú Bàbà. Elizabeth ló wá kó owó àdàlù náà nílẹ̀ ní 1560 sí 1561, ó ní kí wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì rọ tuntun yanturu.

Ẹ wá wò ó o: owó Onímú Bàbà, tí fàdákà inú rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n fíìfíì ju sísì Elizabeth tí fàdákà rẹ̀ mọ́ gaara lọ. Iye fàdákà kọ́ ló ń sọ ọ́. Iná tí wọ́n fi yọ́ àwọn yòókù ló sọ ìwọ̀nba tó kù di ọ̀wọ́n.

Èyí tó wù mí jù ni ṣílè Edward tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ní 1560 kí wọ́n tó gbà á padà. Èyí tó sàn díẹ̀ gba àmì ilẹ̀kùn onírin ti ẹnubodè odi, wọ́n ní kí wọ́n máa ná an ní kọ́bọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀. Èyí tó burú gba àmì ajá ọdẹ, iye rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́. Ṣílè tó jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá tẹ́lẹ̀! Lónìí, ẹ máa pẹ́ ní gbàǹjo kí ẹ tó rí ọ̀kan.

Ọwọ́ àwa fúnra wa náà tún ń ba ọjà jẹ́. Ẹni tó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó sísì dúdú títí tó fi ń dán ti gé iye rẹ̀ kúrú, torí dúdú yẹn gan-an ni àwọn tó mọ̀ ọ́n rà ń fẹ́. Ihò tí wọ́n lu láti fi so ó mọ́ ọrùn ń bà á jẹ́, etí tí àwọn gbájú-ẹ̀ ayé ìgbà yẹn gé láti jí fàdákà rẹ̀ náà ń bà á jẹ́. Ikú ni ìjìyà irú ìgékúgèé bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọn ò yéé gé e.

Bí ẹnì kan bá gbé owó ayé ìdílé Tudor, ìyẹn ìdílé Henry, Edward àti Elizabeth, wá bá yín, ọdún kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ wá wá àmì kékeré tó wà níbi tí àkọlé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Sísì méjì lè jẹ́ ọdún kan náà, kí àmì wọn yàtọ̀, kí ọ̀kan sì ṣọ̀wọ́n ju èkejì lọ.