Níbo ló yẹ ká ti jẹun nínú ọkọ̀ ojú irin orí òkè: lórí ìjókòó ni, àbí nísàlẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Glacier Express ní Switzerland, láti Zermatt dé St. Moritz, orí ìjókòó ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá èèyàn, níwájú fèrèsé gàgàrà tó ká dé orí. Nínú GoldLeaf, ọkọ̀ alájà méjì ti Rocky Mountaineer ní Kánádà, àjà òkè lèrò ń jókòó sí lábẹ́ òrùlé gíláàsì, wọ́n á wá pè wọ́n ní ìpín-ìpín sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun nísàlẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ti ìsàlẹ̀ yẹn. Òkè la tìtorí ẹ̀ wọkọ̀, kí ló dé tá a máa dìde níbi tá a ti ń rí i? Ẹ̀yin ńkọ́?

Jagun: Ọkọ̀ tó ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lẹ̀ ń pè ní Express, ọkọ̀ ayára?

Ọmọ Olójú Irin: Jagun, wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé òun ni express tó lọ́ra jù láyé. Kìlómítà 291, afárá 291, ihò abẹ́ òkè 91. Ibo lo fẹ́ kó sáré gbà?

Jagun: Afárá 291 nínú kìlómítà 291! Ẹni tó ka afárá náà ló ka kìlómítà mọ́ ọn.

Ìyá Alásè: Ẹ jẹ́ ká sọ ti oúnjẹ. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe, yàrá ìjẹun ni mo fara mọ́. Lórí ìjókòó, ẹni tó ń gbé oúnjẹ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ kọjá lórí ẹni àkọ́kọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Súùpù gbígbóná ń kọjá lórí itan olóńtan, ọkọ̀ sì ń yí kọ́nà. Nísàlẹ̀ ní ti Kánádà, ilé ìdáná wà nítòsí, oúnjẹ á dé tábìlì pẹ̀lú ooru rẹ̀.

Ayàwòrán Òkè: Mo wà lẹ́yìn Ìyá Alásè, àmọ́ nítorí fọ́tò. Fèrèsé ọkọ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣí. Tí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, òun lẹ máa rí láàárín òkè nínú fọ́tò yín, pẹ̀lú ṣíbí àti àwo. Kí àwọn tó fẹ́ jẹun sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi fèrèsé sílẹ̀ fún wa.

Ìyá Ìbejì: Ayàwòrán, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ya fọ́tò. Tó bá jẹ́ ìgbà tọ́kọ̀ dé Spiral Tunnels, àwọn ihò abẹ́ òkè lẹ́bàá Field ní Kánádà, ni wọ́n pè yín sísàlẹ̀ ńkọ́? Láti 1909 ni ọkọ̀ ti ń yí po nínú òkè yẹn.

Jagun: Inú ihò kọ́ ni, àǹtí? Òkùnkùn ni. Ẹ máa jẹun yín.

Ìyá Ìbejì: Ibi tó bá yọ sí ni mò ń sọ!

Àlejò Tuntun: Ẹ lọ wọ Bernina Express, ọkọ̀ Switzerland míì, òun ló dára jù.

Ayàwòrán Òkè: Ìbéèrè oúnjẹ ni wọ́n bi. Bernina Express ò ní yàrá ìjẹun.

Àlejò Tuntun: Ohun tó fi dára jù nìyẹn. Ó ń gun òkè dé mítà 2,253 ní Ospizio Bernina, ó tún ń sọ̀ dé mítà 429 ní Tirano, ní Ítálì. Ẹ wòran tán, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá jẹun lórí ilẹ̀ tí kò mì.

Ọmọ Olójú Irin: Kò sẹ́ni tó dárúkọ ife Glacier Express tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Wọ́n ṣe é torí kí wáìnì má baà dà níbi tọ́kọ̀ bá ti ń gun òkè. Wọ́n ti ro ti ẹni tó ń jẹun lórí ìjókòó.

Ìyá Alásè: Ife yẹn? Ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò láti gbé lọ sílé ni. Bu wáìnì dé ìdajì ife, kò ní dà.

Ọmọ Olójú Irin: Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ ò mọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Lójú ọ̀nà Glacier Express, láti Andermatt lọ sí Oberalp, ọ̀nà orí òkè tó ga ní mítà 2,033, ibi tó le jù ń gbé ọkọ̀ ga ní mítà 11 nínú 100. Irin eléyín wà láàárín ojú irin, kẹ̀kẹ́ eléyín ń di í mú. Tábìlì á fì, wáìnì á dúró dọ́gba, ife ló gbọ́dọ̀ bá wáìnì mu.

Ìyá Alásè: Má pè mí ní mọ́mì kó o wá sọ pé mi ò mọ nǹkan. Mítà 11 nínú 100 ò tó ohun tó ń da ìdajì ife.

Jagun: Tọ́kọ̀ bá wá dé ibi tó tẹ́jú ńkọ́? Ife tó tẹ̀ á da wáìnì sí yín láyà níbi tílẹ̀ gbé dọ́gba!

Ọmọ Olójú Irin: Tó bá kọjá Oberalp, tó ń sọ̀ lọ sí Disentis, ẹ ó yí ife padà ni.

Ìyá Alásè: Ta ló ń jẹun tó ń yí ife kiri? Ṣé o tiẹ̀ mọ̀ pé ní mítà 2,033, nǹkan bíi 93 dígírì lomi ti ń hó, kò dé 100? Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń sè oúnjẹ níbẹ̀ máa rò nìyẹn.

Ọmọ Olójú Irin: Kí ni omi híhó fẹ́ ṣe pẹ̀lú ife?

Ayàwòrán Òkè: Ooru súùpù náà ń bo gíláàsì fèrèsé o.

Ìyá Ìbejì: ÒKÈ LA TÌTORÍ Ẹ̀ WỌKỌ̀! Afárá Landwasser lójú ọ̀nà Glacier Express ga ní mítà 65, ó ní ọ̀nà mẹ́fà tó tẹ̀ bí ọrun, ọkọ̀ á sì ti orí rẹ̀ wọ inú àpáta gbọnrangandan. Ẹni tó bá jókòó nídìí fèrèsé pẹ̀lú àwo rẹ̀ rí i. Ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn ò rí nǹkan kan.

Àlejò Tuntun: Ẹ jọ̀ọ́, fún Glacier Express, ṣé dandan ni ká gba ìjókòó sílẹ̀?

Ọmọ Olójú Irin: Dandan ni. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó. Ìyá Alásè, mo ṣì ń retí èsì yín lórí ife.

Ìyá Alásè: Ìdajì ife. Mo ti dáhùn.