Ẹ má fi ebi pa ẹni tí iná jó
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ pé kí ẹni tí iná jó gan-an má jẹun fún ọjọ́ 3 kí inú rẹ̀ lè sinmi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ara ẹni náà kò sinmi: àyà ń sáré lù, ara ń gbóná, agbára tó ń lò lórí ìdùbúlẹ̀ lè di ìlọ́po 2. Bí oúnjẹ kò bá wọlé, iṣan ara rẹ̀ ni ara yóò máa jẹ. Apá àti itan á gbẹ, egbò kò sì ní tètè jinná. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, kódà kó jẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gba imú kì bọ ikùn.