Ẹ Kọ Ìwọ̀n Màlúù Yín sí Ara Páálí

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹran ọ̀sìn àti ọgbà tí à ń fi yí oko ká fún àwòṣe rélùwéè, ìyẹn rélùwéè kékeré tí à ń tò sórí tábìlì, ti sú mi pátápátá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ yóò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ, yóò wọn ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, yóò sì rí i pé orí ìṣó ara rẹ̀ kò dín kan. Ṣùgbọ́n tó bá kan ẹran tí yóò dúró lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ náà, ohunkóhun tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ti di màlúù lójú wọn.

Ìwọ̀n àwòṣe tí à ń pè ní OO, tí à ń lò níbí, jẹ́ ìdá kan nínú 76 ohun gidi, HO tí àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà ń lò sì jẹ́ ìdá kan nínú 87. Lóòótọ́, mìlímítà 16.5 ni irin méjèèjì fi jìnnà síra nínú OO àti HO, àmọ́ màlúù kì í sáré lórí irin. Síbẹ̀, “OO/HO” ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí ẹran. Màlúù Friesian, ẹ̀yà dúdú-funfun tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 145 léjìká yẹ kó ga tó mìlímítà 19 lórí tábìlì mi; èyí tí wọ́n tà fún mi kò pé 17. Bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ tó ga bó ṣe yẹ, ọmọ màlúù ni ẹni tó bá rí i yóò pè é, tòun ti ọmú tó kún fún wàrà lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo wọn ló tún ya orí sí apá kan náà; ìkankan kò dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ, ibi tí ike méjèèjì ti pàdé sì hàn lẹ́yìn wọn bí àpá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń ṣe rélùwéè àwọn ọdún 1930 tilẹ̀ gbé, nítorí ẹ̀yà màlúù Shorthorn aláwọ̀ pupa àti àdàlù ló pọ̀ jù ní oko wàrà nígbà náà, ṣùgbọ́n dúdú-funfun tó gba ipò wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló kún orí àtẹ.

Ọgbà ló bí mi nínú jù. Òfin ọdún 1845 ló pàṣẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ṣọgbà yí ilẹ̀ wọn ká kí ẹran má baà ṣìnà bọ́ sójú irin, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè fò ó dá. Òpó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 kò yẹ kó ju mìlímítà 1.3 lọ, àmọ́ tiwọn ju méjì lọ dáadáa. Ike náà le gbagidi débi pé, níbi tí ilẹ̀ bá ti kòtò, ńṣe ló ń nà gbọọrọ kọjá lókè, tí àgùntàn lè gba abẹ́ rẹ̀ jáde láìtẹ orí ba. Wáyà oko tó nípọn ní mìlímítà 2.5, bí a bá fi 76 pín in, kò ní tó irun orí. Okùn tí wọ́n dì sínú páálí, bí a bá dá a padà sí ìwọ̀n gidi, ọkọ̀ ojú omi ni wọn ìbá fi so.

Mo sọ fún òǹtajà, ó ní kò sẹ́ni tó ń fi rúlà wọn màlúù. Èmi ń wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n kọ ìdá tó jẹ́ gan-an sára páálí, kí n lè mọ ohun tí mò ń sanwó fún.