Ojú Ènìyàn, Ojú Kọ̀ǹpútà

Ìwé ètò ìgbéyàwó kan ni ó dójú tì mí. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní Kubwa ní Àbújá ni ó fẹ́ gbéyàwó, wọ́n sì gbé ìwé ètò tí wọ́n kọ ní èdè Yorùbá wá fún mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn: mo máa ń túmọ̀ ìwé sí Yorùbá, mo sì máa ń tún àmì ohùn ṣe sí èyí tí ẹlòmíràn bá kọ. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó ti dára. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n tẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni àbúrò ìyàwó kan, ọmọdébìnrin tí kò tíì kúrò ní ilé ìwé girama, rọra wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ó fi ìka tọ́ ibi tí orúkọ ọmọkùnrin náà wà. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni "Ọkọ̀ Ìyàwó". Mo ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di mọ́tò.

Kì í ṣe pé n kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ ni èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Nyanya, ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko, ọ̀kọ̀ sì ni àwọn baba wa ń gbé lọ sójú ogun. Mo mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò rí ìlà kékeré tí ó dà sí ẹ̀yìn lórí lẹ́tà náà. Mo ti pé ọmọ ọdún 57, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń tan ara mi jẹ pé iná yàrá ni kò mọ́lẹ̀ tó.

Èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún tí ó sì ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, pàápàá ẹni tí ó ń kọ tàbí tí ó ń ka Yorùbá alámì ohùn, kò yẹ kí ó máa bá ojú kọ̀ǹpútà kékeré jìjàkadì nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àgbà ti ń dé. Kí ó ra mọ́nítọ̀, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tí a ń gbé kalẹ̀ lọ́tọ̀ sórí tábìlì, tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ojú tí ó tóbi, ọ̀tọ̀ ni ojú tí lẹ́tà ti hàn kedere, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń fi owó ṣòfò gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń ṣe ojú wa. Lẹ́ńsì kan wà nínú ẹyinjú tí ó rọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí iṣan tí ó yí i ká sì máa ń yí ìrísí rẹ̀ padà kí a lè rí ohun tí ó wà nítòsí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni lẹ́ńsì yìí ń le sí i, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí i pé ìwé tí wọ́n gbé sún mọ́ ojú kò ṣeé kà mọ́. Ẹ wo àwọn bàbá àti àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá ní kí a ṣí ìwé orin. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń ti ìwé náà síwájú bí ẹni pé ó ń rùn. Kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ẹni tí kò ní kàn bí ẹ̀mí bá gùn.

Mo ní awò ìkàwé tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ +2.50. Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí dókítà ojú ṣe fún mi lórí bébà, tí ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún mi rí: ẹ fi nọ́ḿbà awò pín 1, ohun tí ẹ bá rí ni iye mítà tí ojú tí lẹ́ńsì rẹ̀ ti le yóò ti ríran dáadáa pẹ̀lú awò náà. Bí a bá fi 2.50 pín 1, a ó rí 0.4, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 40. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ènìyàn máa ń gbé Bíbélì tàbí Kùránì sí. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì kì í sábà sún mọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 ni ó máa ń wà sí ojú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ síwájú lórí àga bí ẹni tí ó fẹ́ gbóòórùn ọbẹ̀, tí ẹ̀yìn sì ń dùn mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ó ń lo awò olójú méjì tún ní ìyà tiwọn, nítorí apá ìsàlẹ̀ awò ni wọ́n fi ń kàwé, wọ́n á sì gbé àgbọ̀n sókè ní gbogbo ọjọ́ kí wọ́n tó lè rí ohun tí ó wà níwájú wọn, títí ọrùn yóò fi le bí igi. Awò +1.50, tí ó ń ríran dáadáa ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 67, ni dókítà náà kọ fún mi pé kí n máa fi ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mọ́nítọ̀ kì í ṣe oògùn ojú. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní glaucoma máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú láìsí ìrora, ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ti kọjá ogójì ọdún. Èyí tí ó bá sì ti bà jẹ́ kì í ṣeé dá padà. Ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó lọ sí ọjà. Àwa tí a wà ní Àbújá kò jìnnà sí National Eye Centre tí ó wà ní Kàdúná, kó tó wá kan àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà láàárín ìlú níbí.

Bí mo ti sọ, títóbi nìkan kò tó, ojú ara mi ni mo sì fi rí i. Tẹlifíṣọ̀n pàlọ́ wa jẹ́ íǹṣì 32 bí a bá wọ̀n ọ́n láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ kejì, ọmọ mi ọkùnrin sì ní kí n má wulẹ̀ náwó, pé òun yóò fi wáyà HDMI so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọn. Ó so ó. Lẹ́tà tóbi lóòótọ́, ìyàwó mi lè kà á láti inú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rí págunpàgun bí etí ayùn, àmì abẹ́ ọ sì dà pọ̀ mọ́ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ojú gbogbo ohun èlò báwọ̀nyí ni a fi àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Tẹlifíṣọ̀n wa ní 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Bí a bá tẹ́ ìyẹn sórí íǹṣì 32, píksẹ́lì bí 49 péré ni yóò wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Iye kan náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká oníǹṣì 15.6 jẹ́ nǹkan bí 100 nínú íǹṣì kan. Ohun kan náà ni, bí ìgbà tí a bu omi púpọ̀ sí ọbẹ̀ kékeré kí ó lè kárí àlejò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èdè wa ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè fara da ojú tí kò mọ́ tó, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kò ru ẹrù lórí, kò sì wọ bàtà lẹ́sẹ̀, bí a bá yọ ti i àti j kúrò. Tiwa ru ẹrù lórí, ó tún ní àmì nísàlẹ̀, nígbà mìíràn lórí lẹ́tà kan ṣoṣo bí ọ̀ àti ẹ́, ìtumọ̀ gbólóhùn sì wà lọ́wọ́ ìlà tí kò ju píksẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn àgbà ni ó ń kọ Yorùbá láìsí àmì ohùn nítorí ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí àmì náà ni, a kò sì fẹ́ sọ ọ́ síta.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tèmi, mo kọ ojú ìwé kan sínú fláàṣì, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ní ìlà bí ogún, lẹ́tà oníwọ̀n 11, mo sì gbéra lọ sí Wuse II níbi tí àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà pọ̀ sí. Ọmọ Ìlọrin kan ni ó dá mi lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Ó tan fídíò omi tí ń ya wálẹ̀ láti orí àpáta fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wo bí ó ṣe ń dán!" Mo ní, "Ọmọ mi, omi kọ́ ni mo fẹ́ máa wò," mo sì fún un ní fláàṣì mi. Oníǹṣì 27 àkọ́kọ́ ní píksẹ́lì 1920 sí 1080, bí 82 nínú íǹṣì kan. Ó tóbi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ̀yìn ti àga, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí àmì kankan. Èyí tí ó jẹ́ íǹṣì 24 ní iye píksẹ́lì kan náà, bí 92 nínú íǹṣì kan, ó sì dára jù ú lọ, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀ lè rà á láìkábàámọ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ tòkunbọ̀ oníǹṣì 27 tí ó ní 2560 sí 1440, bí 109 nínú íǹṣì kan. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìtẹ̀ síwájú. Mo ní kí ó tan ojú funfun gbalaja fún mi, a sì rí píksẹ́lì kan tí ó ti kú ní igun ọwọ́ òsì, ìyẹn ni mo fi dín owó rẹ̀ kù. N kò ní sọ iye tí mo rà á, nítorí bí náírà ti ń ṣe yìí, ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ mi lóṣù tí ń bọ̀ yóò pè mí ní òpùrọ́.

Ọmọkùnrin náà fẹ́ fi wáyà VGA kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ó ní ìdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ayé ti ń lò láti ọdún 1987. Mo ní kí ó gbà á padà. HDMI tàbí DisplayPort ni kí ẹ lò, nítorí VGA lè mú kí lẹ́tà rí bí èyí tí omi kán sí. Ìmọ̀ràn kan sì wà tí àwọn ọmọ wa máa ń fún wa, pé kí a dín iye píksẹ́lì kù nínú ètò kọ̀ǹpútà kí lẹ́tà lè tóbi. Ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ wà ní iye tirẹ̀ gan-an, kí ẹ wá lọ sí ibi tí Windows ti pè é ní Scale, kí ẹ sún un sí 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn kan yóò bi mí pé ṣé kì í ṣe kí n tẹ Ctrl àti àmì àròpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ojú kọ̀ǹpútà oníǹṣì 15.6 kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ní ìbú àti 19 ní òró lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé A4 ga ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, nítorí náà kò lè gba ojú ìwé kan ṣoṣo ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ká má tíì sọ pé a sọ ọ́ di ńlá. Bí mo bá ti mú lẹ́tà tóbi, ìdajì ojú ìwé ni mo ń rí. Kí n tó yí i dé ìsàlẹ̀, mo ti gbàgbé bí gbólóhùn ṣe bẹ̀rẹ̀. Oníǹṣì 27 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì ga ju 33 lọ, ojú ìwé A4 méjì sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí rẹ̀ láìfún mọ́ra. Fún ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì tí Yorùbá wà lápá ọ̀tún, ìyàtọ̀ yẹn ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ.

Ohun kan tilẹ̀ ń bí mi nínú. Mo ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọ́fíìsì kan ní ìlú yìí, níbi tí ojú ńlá kan wà lára ògiri yàrá ọ̀gá tí kò sí ẹni tí ó ń fi í wo ohun tí ó ju ìròyìn lọ, nígbà tí ìyá tí ń tẹ lẹ́tà fún gbogbo wa, tí ó ti ń sún mọ́ 60, ọjọ́ orí tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì, ń lo mọ́nítọ̀ kékeré kan tí ó ti pọ́n lójú. Bí àṣìṣe bá wà nínú lẹ́tà, òun ni wọ́n ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, ojú òṣìṣẹ́ ni a ó máa fi pín mọ́nítọ̀, kì í ṣe ipò.

Nípa iná, ẹ má bẹ̀rù: mọ́nítọ̀ òde òní tí ó tóbi báyìí kì í sábà ju nǹkan bíi wáàtì 30 sí 40 lọ, ínfátà kékeré sì lè gbé e. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí ó bá ti yàrá mu, ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí etí rẹ̀ lókè má ga ju ojú yín lọ. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ Àbújá máa ń gbẹ bí igi ìdáná, ẹ rántí láti máa ṣẹ́jú, nítorí a kì í ṣẹ́jú tó bí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní ti awò tí wọ́n ń polówó pé ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ búlúù, American Academy of Ophthalmology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á, èmi náà kò sì rà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé mọ́nítọ̀ náà délé, ìwé ètò ìgbéyàwó yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ó hàn gbangba bí eṣinṣin nínú wàrà. Mo ń bá kíkà lọ, mo sì dé ìsàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kí a kọ "Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ láti ẹnu ẹbí ìyàwó" sí. "Ẹ̀bi ìyàwó" ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n pín, kò sí ẹni tí ó rí i, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi títí di òní.