Ọjọ́ tí ara yá ni kí ẹ ti wádìí káàdì ìlera yín

Èrò ọkàn mi rèé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà tó ń pariwo pé jìbìtì ni ètò adójútòfò ìlera, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn rí bí owó ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù wọn, wọ́n wá dé ọsibítù, àwọn ará ibẹ̀ ní kí wọ́n dúró de kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ ìtọ́jú láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Inú bí wọn, wọ́n tọwọ́ bọ àpò san gbogbo ẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ owó tó yẹ kó wà nílé fún oúnjẹ ọmọ ló ń lọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ọsibítù tí ẹ yàn lọ́jọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀, iye kan pàtó ni HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó adójútòfò yín, ń san fún un lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ₦750 ni iye náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di ₦1,450. Inú owó yẹn ni ìtọ́jú ibà àti àwọn àìsàn kéékèèké ti ń jáde. Bí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù kan bá kéré, aláìsàn méjì péré lè gbé owó oṣù náà lọ, ibẹ̀ ni "oògùn tán" ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi pé ó sún mọ́ ilé nìkan yan ọsibítù. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan nígbà tí ara yín le. Ẹ bi wọ́n bóyá amlodipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) àti metformin (oògùn àtọ̀gbẹ) wà nílẹ̀ lónìí, bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti bóyá dókítà máa ń sùn síbẹ̀ lóru. Kí ẹ tún bi àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé kí ni wọ́n rán wọn lọ rà níta. Ìdáhùn tiwọn ni mo gbà gbọ́ jù. Bí èyí tí ẹ wà kò bá dára, ẹ kọ̀wé sí HMO kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòdù wá kù. Bí ẹ bá nílò iṣẹ́ abẹ, àwòrán CT scan tàbí dókítà àkànṣe, dókítà ọsibítù tí ẹ yàn á kọ lẹ́tà, ọsibítù ló sì gbọ́dọ̀ béèrè kóòdù lọ́wọ́ HMO, kì í ṣe ẹ̀yin. Láìsí kóòdù, ọsibítù kejì tí wọ́n rán yín lọ kò ní rí owó gbà, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fọwọ́ kàn yín. Ibi tó sábà máa ń dí ni pé ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò tíì fi lẹ́tà ránṣẹ́, tàbí orúkọ àìsàn kò sí nínú lẹ́tà. Láti 2025, àṣẹ NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó adójútòfò ìlera, ni pé kí HMO fún wọn ní kóòdù láàárín wákàtí kan. Ẹ béèrè aago tí wọ́n fi í ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Bí wákàtí kan bá kọjá, ẹ̀yin fúnra yín ẹ pe HMO. Ẹ má kánjú sanwó o, nítorí gbígba owó náà padà tó bá yá kì í rọrùn.

Ti pàjáwìrì yàtọ̀. Òfin ìlera ti 2014, abala ogún, sọ pé ọsibítù kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà nídìí ẹ̀. Ti ẹni tí ìbọn bà, òfin 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Àmọ́ òfin kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà kí ẹnì kan tètè fi tó HMO létí.

Oògùn ńkọ́? Nínú ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni ẹ̀yin máa san. Ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ rà, kí ó ní kí dókítà kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́, kí ó sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Oògùn ibà artemether-lumefantrine 80/480 ti àgbàlagbà jẹ́ hóró mẹ́fà: ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì, pẹ̀lú oúnjẹ tó lépo. Ẹni tó bá dá a dúró nítorí pé ara ti rọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó tún padà wá sanwó ibà kan náà.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, tiyín wà ní ìpínlẹ̀: Ìlera Èkó ní Èkó, OYSHIA ní Ọ̀yọ́. NIN yín ni wọ́n máa béèrè. Ẹ rí i pé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín sínú NIN náà ni wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì. Kí ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pàápàá fún ìbímọ, nítorí ọ̀pọ̀ ètò aládàáni kì í san owó ìgbẹ̀bí fún obìnrin tó ti lóyún kó tó forúkọ sílẹ̀.