Kóòṣì ń dé àṣíborí, rẹfirí ń dé féèsìkáàpù

Ẹ bá mi wo ibì kan lórí pápá béísíbọ́ọ̀lù ti líìgì àgbà Amẹ́ríkà: ẹ̀gbẹ́ béèsì kìíní, ìyẹn àmì àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ fẹsẹ̀ kàn. Èèyàn méjì tí kì í gbá bọ́ọ̀lù rárá ló máa ń dúró níbẹ̀. Ọ̀kan ni kóòṣì tó ń sọ fún àwọn tó ń sáré pé kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n máa lọ. Èkejì ni rẹfirí, tí àwọn ará ọ̀hún ń pè ní umpire. Àwọn méjèèjì ò wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n lè fi hán bọ́ọ̀lù. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá sódì sì lè wá bá èyí tó bá wù ú nínú wọn. Kóòṣì dé àṣíborí. Rẹfirí dé féèsìkáàpù.

Láti ọjọ́ tí mo ti kíyè sí i, mi ò lè wo eré náà kí ojú mi má lọ síbẹ̀. Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá ní èsì kó kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré yìí: ẹ má rò ó mọ́ bọ́ọ̀lù aláfẹ́fẹ́ tí à ń gbá kiri àdúgbò. Bọ́ọ̀lù tiwọn ò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 145 lọ, àmọ́ ó le gbagidi. Kọ́ọ̀kì àti rọ́bà ló wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n fi òwú wé e pinpin, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n wá fi òwú pupa rán an. Ẹni tó ń jù ú dúró ní mítà 18.44 sí ibi tí ẹni tó fẹ́ gbá a wà. Àwọn tápá wọn le dáadáa ń jù ú pẹ̀lú eré kìlómítà 160 láàárín wákàtí kan. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú igi dání, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ò tíì pé. Bí igi bá wá bà á síbi tó yẹ, eré tó máa bá padà lè ju èyí tó bá lọ lọ.

Ó ti pààyàn rí. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1920, ní pápá Polo Grounds ní New York, Ray Chapman ti ẹgbẹ́ Cleveland mú igi, Carl Mays ti Yankees ló ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Láyé ìgbà yẹn, bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n á máa lò títí erùpẹ̀ àti itọ́ á fi sọ ọ́ di dúdú. Ó jọ pé Chapman ò rí èyí tó ń bọ̀ yẹn rárá, torí kò yẹ̀ ẹ́. Ó bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, lápá òsì. Ìró tó dún le débi pé Mays rò pé igi ni bọ́ọ̀lù bà: ó ṣà á nílẹ̀, ó sọ ọ́ sí béèsì kìíní kí wọ́n lè yọ Chapman, ìyẹn ni pé kí bọ́ọ̀lù débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Agbárí èèyàn ti fọ́, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù ṣì ń bá eré lọ. Rẹfirí ọjọ́ náà, Tommy Connolly, ló sáré lọ sápá ibi táwọn òǹwòran jókòó sí, ó ń ké pé ṣé kò sí dókítà níbẹ̀ ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Chapman lóru, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Títí dòní, òun nìkan ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tíì pa nínú líìgì àgbà.

Kí wá ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n ní kí rẹfirí máa pààrọ̀ bọ́ọ̀lù tó bá ti dọ̀tí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí ńkọ́? Ọdún 1971 ni líìgì tó ṣòfin pé kí gbogbo ẹni tó bá mú igi dé àṣíborí gidi, ọdún 51 lẹ́yìn tí Chapman ti kú. Ẹ tún wo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: ẹni tó ti ń gbá tẹ́lẹ̀ láìdé e lè máa gbá lọ bẹ́ẹ̀. Bob Montgomery ti Boston ló kẹ́yìn nínú wọn, ọdún 1979 ló fẹ̀yìn tì, tí kò fi orí sínú àṣíborí. Èyí tó ń bo etí sì di dandan fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lọ́dún 1983. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà tí Tony Conigliaro, ọmọ ọdún méjìlélógún, ti gba bọ́ọ̀lù sójú ní Boston lọ́dún 1967 tòun ti àṣíborí tí kò bo etí lórí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọ́, ojú òsì rẹ̀ bà jẹ́. Ó padà sí pápá ní 1969 lóòótọ́, àmọ́ ojú yẹn náà ló padà lé e kúrò nídìí eré.

Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín àwọn aláwọ̀ funfun o. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009 nílé wa, tí àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé àṣíborí. Àwọn kan gbé igbá lé orí, àwọn kan dé ike ọ̀dà, wọ́n ń lọ geere. Ọmọ aráyé ò fẹ́ràn kí wọ́n sọ fún un pé orí rẹ̀ lè fọ́.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì ló sún mi kọ èyí. Lọ́jọ́ 22 oṣù keje ọdún 2007, ní North Little Rock ní ìpínlẹ̀ Arkansas, Mike Coolbaugh dúró sí ẹ̀gbẹ́ béèsì kìíní fún ẹgbẹ́ Tulsa Drillers. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Kò tíì pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì yẹn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan sódì, ó já gbọọrọ wá, ó bà á lọ́rùn lábẹ́ etí òsì, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́pọlọ bẹ́. Ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún ẹ̀kẹta. Kí sáà 2008 tó bẹ̀rẹ̀, líìgì àgbà ti ní kí gbogbo kóòṣì tó bá dúró létí béèsì máa dé àṣíborí.

Àwọn kóòṣì kan fárígá. Larry Bowa, tó wà pẹ̀lú Dodgers nígbà yẹn, ò fi bò rárá pé òun ò fẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn sọ pé ọrùn ni bọ́ọ̀lù ti ba Coolbaugh, pé àṣíborí ò ní gbà á sílẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́rùn lónìí lè bọ́ sí ìpàkọ́ lọ́la, líìgì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi òfin náà múlẹ̀. Bowa náà dé e nígbẹ̀yìn. Lónìí, kò sẹ́ni tó tún ń sọ̀rọ̀ àṣíborí kóòṣì mọ́, ó ti di nǹkan ojoojúmọ́.

Rẹfirí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì yẹn ńkọ́? Wọn ò dárúkọ rẹ̀ nínú òfin náà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù kì í bá wọn. Lóṣù kẹrin ọdún 2023, ní Yankee Stadium, Andrés Giménez ti Cleveland fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù sílé, ìyẹn ibi tí ẹni tó mú igi máa ń dúró sí, kí wọ́n lè yọ ẹni tó ń sáré bọ̀. Larry Vanover, rẹfirí tó wà nínú pápá, ni bọ́ọ̀lù bá lórí. Fìlà ló wà lórí ọ̀hún. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ní Minneapolis, bọ́ọ̀lù tí Tyrone Taylor ti Mets gbá sódì lọ bá Hunter Wendelstedt níbi béèsì kìíní, ibi tí mo ní kẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣubú lulẹ̀, ó sì fi pápá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Rẹfirí ni bàbá Wendelstedt náà nígbà ayé rẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni, ẹ ò lè ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ bọ́ọ̀lù.

Rẹfirí tó dúró sẹ́yìn ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù nílé ní ìbòjú onírin àti ìgbàyà lóòótọ́, síbẹ̀ òun ló ń jẹyà jù. Lọ́dún 1969, bọ́ọ̀lù kọlu ìbòjú Cal Drummond ní Baltimore. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lórí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bó ṣe ń gbìyànjú àtipadà sẹ́nu iṣẹ́ nínú ìdíje kékeré kan ní Des Moines, ó ṣubú, ó kú. Kerwin Danley gba èyí tí Brad Penny jù sí àgbọ̀n lọ́dún 2008, igi tó kán tún lọ bá a lórí lọ́dún 2009. Dale Scott fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2017 nítorí iye ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti mì nínú agbárí. Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, igi Giancarlo Stanton kán, èyí tó fò lọ bá Nick Mahrley, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e kúrò ní pápá. Stanton yìí kan náà ni bọ́ọ̀lù fọ́ lójú, tó ká léyín, lọ́dún 2014. Láti ìgbà yẹn ló ti ń fi nǹkan bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ gbá.

Ohun èlò náà lè di ọ̀tá ẹni. Rẹfirí kan, Ed Hickox, wọ ìbòjú tí iléeṣẹ́ Wilson fún un, èyí tí ìdáàbòbò ọ̀fun rẹ̀ yọ síwájú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kọlù ú, dípò kí agbára bọ́ọ̀lù tú dànù, orí rẹ̀ ló bọ́ sí. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Washington, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san dọ́là 775,000 fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn ò rí nǹkan kan mú bọ̀. Mo mẹ́nu ba èyí torí àwọn tó ń sọ pé ẹni tó ń ṣe rẹfirí ti mọ ohun tó ń bá níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ò wò ó báyẹn.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Láti sáà 2026, líìgì ti gbé kámẹ́rà wọlé láti yẹ ìdájọ́ rẹfirí wò. Bí ẹni tó mú igi bá rò pé rẹfirí ṣì í pè, ó máa fọwọ́ kan àṣíborí orí rẹ̀, kámẹ́rà á sì sọ ẹni tó jàre lójú gbogbo pápá. Èèyàn ń fọwọ́ kan àṣíborí tirẹ̀ láti sọ fún rẹfirí pé kò ríran. Owó wà láti fi yẹ ojú rẹfirí wò. Orí rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àbúrò, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é ni? Wọ́n ń sanwó fún wọn o!" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń sanwó fún kóòṣì náà." Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Àwọn kan á ní ooru máa mú rẹfirí, pé ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú ìbọ̀wọ́ àti ìró ẹsẹ̀ lórí béèsì kó tó lè dájọ́. Àlàyé yìí nítumọ̀, béèsì kìíní gan-an ni wọ́n ti ń fi etí dájọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ń dé ò bo etí rárá, agbárí nìkan ló bò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ yóò gbọ́.

Ẹ̀sín gan-an ló ń dẹ́rù bà wọ́n, mo rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, bọ́ọ̀lù fọ́ agbárí Brandon McCarthy níbi tó ti ń jù ú fún Oakland, ẹ̀jẹ̀ dà sínú orí rẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2014, ó bá Aroldis Chapman, ọmọ Kúbà, lókè ojú, dókítà ní láti fi irin dì í. Líìgì fọwọ́ sí fìlà onítìmùtìmù fáwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn náà. Alex Torres gbé e dé. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní orí rẹ̀ ti wú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni mélòó lẹ rí tó tún dé e? Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún olúkúlùkù láti yàn, ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ kí òun nìkan jọ ọ̀dẹ̀ lójú ẹgbàágbèje èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin.

Nítorí náà, òfin 2008 ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi rẹfirí inú pápá kún un. Kí wọ́n má fi àyè sílẹ̀ fáwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bíi ti 1971, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Rẹfirí mẹ́rin ló ń darí eré kan, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé sì ti ní ìbòjú tirẹ̀. Ó ku àṣíborí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé owó ni kò sí, kó kọ́kọ́ kọ iye tí àṣíborí mẹ́ta ń jẹ́ sísàlẹ̀ níbí.